Ìwé Àjọkọ Alámọ̀tán

Ẹ bá mi kí Alámọ̀tán. Ẹ má sì kí i lẹ́ẹ̀kan o, torí ìkíni ẹ̀ẹ̀kan kì í tó o. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹ kí i. Bí ó bá dé ìdí àtẹ̀gùn, ẹ tún un kí. Bí ó bá wá jókòó sínú ọ́fíìsì tán, ẹ yọjú, kí ẹ bi í bóyá àga náà gbà á dáadáa. Dígí méjì ló wà nínú ọ́fíìsì ọ̀hún, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, kí apá kan ara rẹ̀ má baà máa ṣe ìlara èkejì.

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ni ní ilé-ìfọṣọ ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn mẹ́ta àti ti òtẹ́ẹ̀lì márùn-ún. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà níbẹ̀. Aṣọ kan ṣoṣo kò tíì tọwọ́ rẹ̀ mọ́ rí.

Alámọ̀tán kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n fi ń bú u ni. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ ọ láìròtẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ, gbogbo wọn sì ń retí ìjà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ta ló tú àṣírí mi fún yín?" Láti ọjọ́ náà ló ti di orúkọ tí wọ́n ń pè é lójú ara rẹ̀. Orúkọ tí ẹlòmíràn máa tìtorí rẹ̀ gbéjà, òun fi joyè.

Ohun tó kó o sí wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àgbà mẹkáníìkì ilé-iṣẹ́ náà fẹ̀yìn tì. Bàbá náà nu ọwọ́ nù, ó dágbére, ó sì gbé ọgbọ́n ogójì ọdún lọ sílé nínú orí rẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ẹ̀rọ ìlọṣọ fi dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni aṣọ tútù wà nílẹ̀, tí ilé ìwòsàn ń pè, tí òtẹ́ẹ̀lì ń pè, títí Alága, obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà, fi wọ mọ́tò lọ bá bàbá náà nílé. Bàbá kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, "Ẹ nu ojú gíláàsì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Eruku ló bò ó."

Wọ́n nù ún. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dun Alága wọra. Ó pe ìpàdé, ó ní, "Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe ilé-iṣẹ́ mi ní wèrè mọ́." Ó wá ní kí wọ́n dá Ìwé Àjọkọ sílẹ̀. Kì í ṣe ìwé tí à ń ṣí ewé rẹ̀ o. Inú kọ̀ǹpútà àti fóònù ló wà. Kálukú á kọ ohun tó mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ẹlòmíràn á ṣí i, á kà á, á fi èyí tó kù kún un, á sì tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, àyè wà tí àwọn òṣìṣẹ́ lè ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ni ín, gbogbo wọn ló ni ín.

Àṣìṣe kan péré ni Alága ṣe: Alámọ̀tán ló fi ṣe olórí ètò náà.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fún yín," Alága sọ fún un. "Ẹ fi sùúrù fa àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ra. Kí wọ́n máa kọ ọ́, kí wọ́n sì máa lò ó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta màá wá dán an wò. Tó bá yọrí, ẹ mọ̀ pé ipò igbákejì mi ṣófo."

Ó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yọ́ wọ ọ́fíìsì igbákejì lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, tó jókòó sórí àga ibẹ̀, tó sì fi ọwọ́ gbá tábìlì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ńlá wà lọ́kàn rẹ̀. Kò sí ohun tó wù ú láyé yìí tó àga ọ̀hún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé.

"Bá mi yọ̀. Mo ti di igbákejì Alága."

"Ẹ kú oríire o. Wọ́n ti fún yín níwèé?"

"Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi kí ni?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ló máa kọ nǹkan díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fọṣọ, bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́. Èmi á wá máa tún un ṣe fún wọn."

Ìyàwó rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dúró sókè. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ máa tún ìlọṣọ ṣe?"

"Ta ló tún kù tó mọ̀ ọ́n?"

"Kò burú. Ẹ bá mi na apá ṣẹ́ẹ̀tì yìí kó má hunjọ."

Alámọ̀tán nà án. Ó fà á lódì, bọ́tìnì kan já. Ó ní iṣẹ́ aránṣọ ni kò dáa, ó sì bọ́ síta lọ pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí Màmá máa múra, ọmọ wọn ti di aya igbákejì.

Lọ́jọ́ kejì ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ó ní. "Torí náà, ẹ kó gbogbo ọwọ́ yín wá. Àyà wà lọ́dọ̀ mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ká má parọ́, inú wọn dùn sí Ìwé Àjọkọ. Iṣẹ́ àárọ̀ àti iṣẹ́ ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn, bí àwọn kan ṣe ń wọlé làwọn kan ń jáde, ohun tí àwọn ti àárọ̀ bá sì mọ̀, àwọn ti ọ̀sán tún gbọ́dọ̀ fìyà kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé ni Ìyá Alọṣọ, obìnrin kan tó ti ń lo ẹ̀rọ ìlọṣọ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ̀ ẹ́, ó sì kọ ọ́ báyìí:

"Kọ́kọ́ jẹ́ kí irin máa yí ní òfìfo. Lẹ́yìn náà, ṣí ooru. Fi aṣọ ìda nu irin kí aṣọ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kó o fi sí i, má fi èyí tó ń kán sí i. Má fi ọrùn sún mọ́ ọn. Tí nǹkan bá há, fi ìgúnpá gbá ọ̀pá pupa iwájú, yóò dúró."

Ọ̀rọ̀ tán. Aláìmọ̀kan tó bá kà á lè lọ aṣọ kó tó di ọ̀sán.

Alámọ̀tán kà á. Kò rí ìkíni níbẹ̀. Kò rí ìṣáájú. Èyí tó burú jù, ẹni tó bá kà á tán kò ní mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀gá. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, èyí tó ti fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n, ó sì kọ ti ẹ̀:

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi àtàtà, ayọ̀ ni fún yín pé ẹ rí ọgbọ́n yìí kà. Ẹ̀rọ ìlọṣọ jẹ́ ẹ̀rọ ọlọ́lá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ooru janjan dá a lọ́lá. Nígbà tí ó bá gba ọlá náà tán ni kí ẹ tó jẹ́ kí ó máa yí. Ẹ gbé aṣọ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ fún un, nítorí omi ni ẹ̀mí aṣọ. Ẹ sún mọ́ ọn gidigidi, kí ó lè mọ̀ yín ní ẹni tirẹ̀."

Aṣọ ìda, ó yọ ọ́ kúrò, torí ọ̀rọ̀ ìda kò yẹ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọ̀pá pupa, ó yọ òun náà kúrò. Ó ní nǹkan kì í há ní ilé-iṣẹ́ tí ọ̀gá bá wà.

Ìyá Alọṣọ ṣí fóònù ní ọjọ́ kejì, ó rí i, ẹ̀rù bà á nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó tún un ṣe. Kò ju wákàtí kan lọ tí kúẹ́rì fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, pé kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi pa ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ rẹ́ ní gbangba.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé ọ́fíìsì. "Aṣọ máa jó ni."

"Ìyá, ta ló kọ ohun tẹ́ ẹ pa rẹ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé èmi lẹ wá fẹ́ máa kọ́ níwèé?"

"Rárá o, ọ̀gá. Ẹ̀rọ yẹn ni kò mọ̀wé. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sí i lódì, kò ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ó lé e jáde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ti òkè gbogbo ojú-ìwé pa, òun nìkan ló lè fọwọ́ kàn án mọ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ti ọṣẹ, ti omi gbígbóná, ti aṣọ kíká. Àwọn èyí tí kò rí nǹkan kan sọ nípa wọn, ó kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí wọn, ó fi àwòrán ńlá dí àlàfo. Àyè ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi àṣẹ ránṣẹ́ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti máa kí òun, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lábẹ́ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì-Ẹtì ni kọ̀ǹpútà ń sọ fún Alága iye ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ nǹkan. Ìkíni ni, ìmọ̀ ni, kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀.

Ẹ gbọ́ ná, kí lẹ rò pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ṣe? Àwọn méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ọ̀sán, wọn ò mọ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀rọ yàtọ̀ sí tòsì. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kò ṣeé parẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kò sì ṣeé tẹ̀lé. Ìyá Alọṣọ àti àwọn yòókù jókòó sẹ́yìn mọ́tò tó ń kó aṣọ, wọ́n ń ronú.

"Ṣé ó ní ká kí òun?" ni dírẹ́bà bi wọ́n, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Ó ní ká kí òun."

"Ẹ kí i nígbà náà. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ fi oríkì kì í mọ́ ọn. Ẹ máa kì í lọ títí dé ibi tí iṣẹ́ wà."

Ìyá Alọṣọ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló na ìka kan ṣoṣo yẹn sí fóònù. Nígbà tó di ọ̀sán, ohun tó wà lábẹ́ àwòrán Alámọ̀tán nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Alámọ̀tán, ọmọ a-jẹ́-kírin-yí-lófìfo-kó-tó-ṣí-ooru. Ọmọ a-fi-ìda-nurin-kó-tó-faṣọ-lé-e. Aṣọ tó ń kán kì í dé ààfin bàbá yín, èyí tó tutù díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́wọ́ gbà. Ẹ ò kì í fọrùn sún mọ́ ọ̀tá. Bó bá há, ìgúnpá lẹ fi ń gbá ọ̀pá pupa."

Àwọn yòókù rí i, ó yé wọn. Ẹni tó wà nídìí ọṣẹ kọ ti ẹ̀: "Alámọ̀tán, ọmọ ìgò-méjì-fún-ogún-aṣọ. Ẹni tó da mẹ́ta, ìfófòó ni yóò fi ọwọ́ gbá nílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú." Ẹni tó ń bójú tó omi gbígbóná kọ ti ẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì pàápàá, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, kọ oríkì tirẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí etí aṣọ kó má baà sọ nù. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, wọ́n á kàn sọ fún un pé, "Fo òkè. Lọ sí oríkì."

Alámọ̀tán kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọn ò ki oríkì rẹ̀ báyìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láàárín dígí méjèèjì, ó ń kà á láràárọ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n lórí pátápátá. Ó kà á fún ìyàwó rẹ̀ náà.

"'Ọmọ a-fi-ìda-nurin'," ìyàwó rẹ̀ tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ta ni nínú àwọn bàbá yín ló ń fi ìda nu irin?"

"Ìjìnlẹ̀ ni. Oríkì kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń gbọ́."

"Àti aṣọ tó tutù díẹ̀?"

"Aṣọ ọba nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ní ó yé òun. Ó sì yé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbọ́ dídùn ara rẹ̀, a kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oṣù kẹta pé. Iye ìkíni inú Ìwé Àjọkọ ti di irínwó lọ́sẹ̀ kan. Aṣọ tó ń jó ti dín kù, èyí tó ń sọ nù ti dín kù, òṣìṣẹ́ tuntun ń mọṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Alága ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá dán an wò, òun àti olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tó tóbi jù nínú àwọn oníbàárà wọn, obìnrin tó ti ń sọ pé òun fẹ́ gbé aṣọ òun lọ síbòmíràn. Alámọ̀tán rán kóòtù tuntun. Ó so táì gígùn kan tó ní òkè òkun ló ti wá. Ó ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe ìyá ìyàwó rẹ̀, torí kí ni ọlá jẹ́ tí àna ẹni kò bá fojú rí i?

Inú gbọ̀ngàn ìlọṣọ ni wọ́n kó jọ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Màmá jókòó síwájú lórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù, ọmọ rẹ̀ dúró tì í. Ẹ̀rọ ìlọṣọ na gbọọrọ láàárín wọn, ìyẹn irin róbótó méjì tó gbé ara lé ara, tó gùn tó ibùsùn ẹni méjì. Alámọ̀tán tún táì ṣe.

"Alága, gbogbo ohun tó wà nínú Ìwé yìí, èmi ni mo kọ ọ́," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ìlọṣọ, ọ̀rọ̀ ọṣẹ, ọ̀rọ̀ omi. Ẹ wò ó, ọdún kọkànlá rèé, ọwọ́ mi kò kan ẹ̀rọ yìí rí. Ọpọlọ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀."

Màmá mi orí, inú rẹ̀ dùn. Alága dúpẹ́, ó ní, "Ìdánwò mi kò le. Mo fẹ́ ẹnìkan tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí rí. Kó ka ojú-ìwé, kó tẹ̀lé e, kó lọ aṣọ ibùsùn kan fún wa. Tó bá lè ṣe é, a jẹ́ pé Ìwé náà ń ṣiṣẹ́. Dírẹ́bà ńkọ́?"

"Mo máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀, mà."

"Akọ̀wé?"

"Mo lò ó nígbà tí Ìyá ṣàìsàn, mà."

"Ẹni tó ń ṣọ́ géètì?"

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wo ilẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lòun ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ òun ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n má bínú.

Olórí nọ́ọ̀sì ló wá sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ọwọ́ àwọn kò kàn án rí."

"Òótọ́ ni," Alága dáhùn. "Ẹ̀yin gan-an ló yẹ, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ ọ́, kò ní ṣòro."

Alámọ̀tán wo Màmá. Màmá rẹ́rìn-ín sí i. Ọkùnrin wo ló máa sọ pé òun ò lè ṣe é lójú àna rẹ̀? Ó fa fóònù yọ, ó ṣí ojú-ìwé, ó sì fi ohùn rara ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Ìyá Alọṣọ sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí..."

"Ìyá, ẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri."

Ó ṣí ooru. Irin kò yí, ó dúró sójú kan, ó ń gbóná. Kò pẹ́ tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

"Kí ló ń rùn?" Alága béèrè.

"Ẹ má mikàn. Ẹ̀rọ náà ń gba ọlá rẹ̀ ni."

Ó jẹ́ kó máa yí. Ìlà jíjó ńlá kan ti wà lára aṣọ tí wọ́n fi bo irin. Ó gbé aṣọ ibùsùn tó ń kán tótó, ó tì í bọ̀ ọ́, ó sì sún mọ́ ọn gidigidi bí ó ti pàṣẹ. Gbogbo èèyàn ń wo òdìkejì, níbi tó yẹ kí aṣọ gbà jáde. Aṣọ kò jáde. Ó lẹ̀ mọ́ irin, ó ń bá irin yí, ó yí padà dé ibi tó ti wọlé, ó sì bá táì níbẹ̀, ó wọ́ ọ mọ́ra.

Ẹ̀rọ ìlọṣọ kì í yára, kì í sì í dúró de èèyàn. Orí Alámọ̀tán bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alága kọ́kọ́ rò pé ó ń kí ẹ̀rọ ni. Màmá pàápàá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ mọ àpọ́nlé. Ìyá Alọṣọ ló fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ìgúnpá gbá ọ̀pá pupa, ẹ̀rọ sì dúró nígbà tó ku ìwọ̀n ọwọ́ kan kí imú ọ̀gá kan irin.

Ooru kò jó o. Òógùn ló kàn bò ó. Ẹnìkan ní kí wọ́n mú àlùmọ́gàjí wá.

"Rárá," ohùn kan jáde láti ìsàlẹ̀. "Táì òkè òkun ni."

Ìyá Alọṣọ ti na ọwọ́ láti tú u sílẹ̀, Alága dá a dúró. "Ẹ ní sùúrù, Ìyá. Ṣebí ọ̀gá ò sí nínú ewu mọ́? Ìdánwò náà kò tíì parí. Akọ̀wé, ṣí ojú-ìwé ohun tó bá há."

Akọ̀wé ṣí i. Ó wúkọ́.

"Kà á sókè."

"'Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi àtàtà,'" akọ̀wé kà á. "'Bí ohunkóhun bá há sínú ẹ̀rọ, ẹ má ṣe dá nǹkan kan ṣe. Ẹ kàn sí mi ní ọ́fíìsì mi. Kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé.'"

Alága rìn yí ẹ̀rọ po, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ṣe déédéé ti Alámọ̀tán.

"Ọ̀gá, a ti kàn sí yín. Kí ni ká ṣe?"

"Mò ń rò ó lọ́wọ́, mà."

Olórí nọ́ọ̀sì ti gba fóònù lọ́wọ́ akọ̀wé ní tiẹ̀. "Nǹkan ṣì wà nísàlẹ̀ o. Ó dà bí ìkíni. 'Ẹ kú ìjókòó o, ọ̀gá wa. Alámọ̀tán, ọmọ a-pa-ooru-kó-tó-fọwọ́-kàn-án. Ọmọ a-gbé-ọ̀pá-ẹ̀gbẹ́-sókè-kírin-yàgò-fúnrin. Ọmọ a-yí-i-sẹ́yìn-lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ kì í fà á, ẹ kì í gé e, ara rẹ̀ ló ń bọ́.'" Ó gbójú sókè. "Alága, ohun tí mo kà yìí, ṣé oríkì ni àbí iṣẹ́?"

"Ẹ tẹ̀lé e ká wò ó."

Olórí nọ́ọ̀sì kò dé ìdí ẹ̀rọ ìlọṣọ rí láyé rẹ̀. Ó pa ooru. Ó wá ọ̀pá ẹ̀gbẹ́, ó gbé e sókè, irin òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Ó yí i sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, aṣọ tú, táì náà sì bọ́ jáde, ó gún régé bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Alámọ̀tán nàró. Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yí i sí ikọ́.

"Ta ló kọ èyí?" Alága béèrè.

"Orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mà. Ìyá Alọṣọ ni."

Alámọ̀tán nu ojú. Ó rí ipò igbákejì tó ń yọ́ lọ lójú ara rẹ̀, ó sì nawọ́ gán an. "Alága, òótọ́ ni pé wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n fi kì! Tèmi ni gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Ẹ mọ̀ ọ́n lórí?"

"Kò sí èyí tí mi ò mọ̀."

"Ó dáa. Ẹ bá mi ka ti ẹ̀rọ ìlọṣọ."

Ó gbé àyà síwájú. Inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, torí ohun tó mọ̀ jù láyé ni wọ́n bi í yẹn. Ó fi ohùn tó ròkè bẹ̀rẹ̀: "Alámọ̀tán, ọmọ a-jẹ́-kírin-yí-lófìfo-kó-tó-ṣí-ooru." Ojú rẹ̀ bá irin tó ti jó. "Ọmọ a-fi-ìda-nurin-kó-tó-faṣọ-lé-e." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Aṣọ tó ń kán kì í dé..." Ó wo aṣọ ibùsùn tó dì bí ìdì ẹrù nínú ẹ̀rọ, omi ń jò lára rẹ̀ sórí bàtà rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ló bá a parí rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ ò kì í fọrùn sún mọ́ ọ̀tá."

Ẹ̀rín bú. Olórí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ di ẹ̀rọ mú kó má baà ṣubú. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní òun ò gbé aṣọ òun lọ síbì kankan mọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti jẹ́ kí Ìyá yẹn máa kọ̀wé.

Alága ní kí akọ̀wé ṣí òkè gbogbo ojú-ìwé sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn padà síbẹ̀, kí wọ́n máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Alámọ̀tán.

"Ọ̀gá, mi ò ní lé yín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìwúlò yín ni. Ìwé yìí nílò ẹnìkan tí kò mọ nǹkan kan, tí yóò máa ka ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa ṣe ohun tó wà níbẹ̀, kí a lè mọ̀ bóyá ó yé èèyàn. Gbogbo ilé-iṣẹ́ yìí ni mo wá kiri láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo rí. Láti ọ̀la, ẹ̀yin ni Olórí Aláìmọ̀kan wa. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọṣẹ."

Alámọ̀tán ní ẹ ṣeun, mà. Kí ló tún fẹ́ sọ?

Etí Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, oyè nìkan ló sì gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó fa ìró ọmọ rẹ̀, ó sì bi í ní ohùn tí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́:

"Ṣé ìyẹn ga ju igbákejì lọ ni?"